Níbi Tí Omi Méjì Ti Pàdé

Ara Ògúntúndé le koko nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rin pákò, ó jẹ iṣu pẹ̀lú ẹja yíyan, ó sì bá Akínbọ́lá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ebè tí wọ́n fẹ́ kọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, Akínbọ́lá jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mọ́ra kó má baà já bọ́, wọ́n forí lé Ìgèdè. Wọn ò tíì yọ sí títì ọ̀dà tí Akínbọ́lá fi mọ̀ pé òkú lòun gbá mọ́ra.

Ọkùnrin tó ń dá gbé àpò kòkó sórí láìpe ẹnikẹ́ni ni. Kò ṣàìsàn rí ju ibà lọ. Nígbà tí wọ́n gbé òkú padà wọ Abà Òkè-Odò, Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, “Ẹnì kan ló pa ọkọ mi.” Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ, kálukú sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé rẹ̀.

Abà kékeré ni Òkè-Odò, ó wà láàárín Ìyìn àti Ìgèdè, téèyàn bá yà kúrò lójú títì wọ inú oko kòkó. Àwọn ilé tó wà lókè ń pọn omi kànga tó wà lẹ́yìnkùlé Baálé Ilésanmí. Agboolé Ògúntúndé àti Akínbọ́lá nìkan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn nìkan ló sì ń lo odò. Àìgbẹ ni orúkọ odò náà. Kì í ṣe odò tó tóbi, ọmọdé lè fò ó kọjá lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kò gbẹ rí. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ọ̀kan ń ti abẹ́ àpáta wá, ó tutù, ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ga, òkúta rẹ̀ sì ń yọ̀. Èkejì ń ti inú àbàtà wá, níbi tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ ti so kọ́ ara wọn tí ojú ọ̀run kò fi hàn. Omi ti àbàtà pọ́n díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹja àrọ̀ àti akàn fi ṣe ilé. Nísàlẹ̀ agboolé ni ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, wọ́n wá di odò kan ṣoṣo. Ìpàdé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, iyanrìn rẹ̀ funfun, ibẹ̀ ni gbogbo agboolé ti ń pọnmi.

Gbogbo wọn, àfi Modúpẹ́.

Modúpẹ́ ni ìyàwó kejì Akínbọ́lá. Ará Ṣakí ni. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Adó kí Akínbọ́lá tó fẹ́ ẹ wálé. Ẹnu rẹ̀ kò gba èdè Èkìtì dáadáa; bó bá fẹ́ sọ “ulé” àti “uṣu” bíi tiwọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Nígbà tó lóyún Oore-ọ̀fẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní òórùn omi Ìpàdé ń rí òun lára. Ó gbé korobá, ó gba ọ̀nà òkè lọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Ó bímọ tán, kò padà sísàlẹ̀; omi òkè náà lòun àti ọmọ rẹ̀ ń mu, òun náà ló sì fi ń se oúnjẹ tirẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé omi náà ń rùn bí nǹkan tí wọ́n ń fín sí kòkó. Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní imú aláboyún ni. Modúpẹ́ sọ fún Ògúntúndé náà, nígbà tó ṣì wà láyé, ìyẹn sì jágbe mọ́ ọn pé kó má ṣe kọ́ àwọn tó bá odò nílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mumi.

Wọ́n sin Ògúntúndé tán, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Lẹ́yìn òjò náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ Fúnkẹ́mi, ìyáálé Modúpẹ́, lọ sódò láàárọ̀, wọn kò padà. Òkú wọn ni wọ́n rí láàárín koríko. Ewúrẹ́ kan tẹ̀ lé wọn. Akàn ń gun orí ilẹ̀ wá, ó ń yí gbirigbiri, ó ń kú lójú ọ̀nà. Ohun tó wá ba Fúnkẹ́mi lẹ́rù jù ni pé àkèré kò ké mọ́. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà ní ìyàwó, òjò kan kò rọ̀ rí kí àkèré má gbà á lẹ́nu títí di ìdájí. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àbàtà á dákẹ́ rọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá.

Lẹ́yìn náà ni ààrùn wọ inú ilé. Inú ń run gbogbo wọn, wọ́n ń bì, orí ń kọ́ wọn. Nínú àwọn tó ń jáde sí àgbàlá, Oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni nǹkan kan kò ṣe, òun àti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Fúnkẹ́mi á jókòó ti Success, ọmọkùnrin rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, á máa wo ọmọ orogún rẹ̀ bó ṣe ń sáré kiri àgbàlá.

“Modúpẹ́,” ó pè é lọ́jọ́ kan, “kí lẹ̀yin méjèèjì ń jẹ?”

“Ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni, ìyáálé mi.”

“Kí ló dé tí nǹkan kan kò ṣe yín?”

Modúpẹ́ ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀. Ó rántí òórùn omi náà, ó tiẹ̀ la ẹnu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tí Fúnkẹ́mi fi wò ó mú kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń là, Fúnkẹ́mi tẹ̀ lé e. Ó ń ti igi bọ́ sí ẹ̀yìn igi bí Modúpẹ́ ṣe ń gun ọ̀nà àpáta lọ pẹ̀lú korobá lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tó dé ibi tí omi ti ń jáde, ó rí ohun tí kò rí rí. Lékelèké kún orí àpáta náà, funfun báláú, wọ́n dúró yí Modúpẹ́ ká bí ìjọ. Àwọn mìíràn dúdú, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n na ọrùn sínú omi. Modúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹyẹ náà kò sì fò.

Inú àbàtà ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ẹja ibẹ̀ ti tán, wọ́n ti gòkè wá wá oúnjẹ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Modúpẹ́ sì ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Fúnkẹ́mi kò dúró wo èyí. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́mọ ìka rẹ̀, kò mọ̀. Nígbà tó máa fi dé ilé, Success ti ń gbọ̀n bí Ògúntúndé ṣe gbọ̀n.

Ọmọ náà kú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Fúnkẹ́mi ròyìn àwọn ẹyẹ orí àpáta fún gbogbo abà, wọ́n sì ní àjẹ́ ni Modúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bá a jẹ nínú àwo kan náà mọ́. Bó bá kọjá, àwọn obìnrin abà á fa ọmọ wọn mọ́ra. Ẹnì kan kó eérú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Akínbọ́lá kó ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá Modúpẹ́. Nígbà tí Modúpẹ́ bi í pé ṣé òun náà gbà á gbọ́, ó ní òun kò sọ pé òun gbà á gbọ́, òun kàn ń fẹ́ kí ilé rọ̀ ni. Modúpẹ́ ní, “Success ń sùn lẹ́yìn mi nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà. Ṣé o rántí?” Akínbọ́lá wo ilẹ̀. Ó rántí.

Bùkọ́lá opó kò bá wọn dá sí i. Inú yàrá ló máa ń wà nínú aṣọ dúdú rẹ̀, òun àti Tiwalọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò jẹ́ kí ọmọ náà bá àwọn yòókù jẹun. Omi inú ọ̀rá ni ọlọ́kadà kan ń bá a rà wá láti Ìgèdè, òun àti ọmọ rẹ̀ ló sì ń mu ún. Àwọn ará ilé rò pé ẹ̀rù àjẹ́ ló ń bà á, wọ́n sì ní ó gbọ́n.

Fúnkẹ́mi ló lọ sí Ìyìn lọ pe Wòlíì Bámgbóyè. Àgbà ni, ó ga, ó tinrin, ohùn rẹ̀ tutù. Kò béèrè kọ́bọ̀. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó yí agboolé náà ká, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró, ó kọjú sí ibi tí odò wà.

“Omi ni mo rí,” ó ní. “Omi ni wọ́n fi ń bá ilé yìí jà.”

Bùkọ́lá tó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ gbọ̀n rìrì débi pé ó di òpó mú. Àwọn ènìyàn ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Wòlíì yíjú sí i, ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni ní gbólóhùn asọ̀ létí omi kó tó kú. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó lè sọ pé rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ òun sọ ọ́ kó tó kú pé Modúpẹ́ ń ṣọ́ òun létí àbàtà.

Modúpẹ́ ní, “Ìyá Tiwalọpẹ́, òórùn ni mo sọ fún wọn. Mo ní omi ń rùn. Ẹ wà níbẹ̀.”

Bùkọ́lá yí ẹ̀yìn padà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pàṣẹ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gbogbo agboolé, tó fi mọ́ opó, á kóra jọ sí Ìpàdé. Wòlíì á gbàdúrà sí omi, kálukú á mu ún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, omi náà á di ìwòsàn fún un; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, inú rẹ̀ á wú. Baálé Ilésanmí fi kún un pé bí Modúpẹ́ bá kọ̀ láti mu, á fi abà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ á sì dúró ti bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló gún Modúpẹ́ lọ́kàn. Ó lè sá lọ sí Adó kí Àbámẹ́ta tó dé, ó mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sá, àjẹ́ ni orúkọ tí Oore-ọ̀fẹ́ yóò fi mọ òun títí láé. Ó dúró.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, oòrùn mú. Àwọn ará òkè náà sọ̀kalẹ̀ wá wòran, wọ́n tò sí etí bèbè. Omi àpáta ń ṣàn wá láti apá kan, ti àbàtà láti apá kejì, a sì ń rí ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé nínú iyanrìn, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan pọ́n. Wòlíì bu omi sí korobá, ó gbé e sí àárín, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó fi kọ́ọ̀pù bu ún, ó pe Modúpẹ́.

Modúpẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ fún Akínbọ́lá. Ó gba kọ́ọ̀pù. Òórùn náà kọ lu imú rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣomi. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo inú odò. Ó wo Fúnkẹ́mi, ojú ìyẹn le bí òkúta. Ó wo Bùkọ́lá, ìyẹn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́.

“Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa Success,” Modúpẹ́ ní, “kí omi yìí pa mí.”

Ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó sì yí kọ́ọ̀pù dé kí wọ́n rí i.

Gbogbo wọn ń wo ikùn rẹ̀. Wòlíì tún bu omi, ó ní ọmọ olóògbé ló kàn, torí pé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń ké. Tiwalọpẹ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama, jáde síwájú nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gba kọ́ọ̀pù, ó gbé e sẹ́nu.

Bùkọ́lá fò láàárín àwọn ènìyàn. Ó fi ọwọ́ gbá kọ́ọ̀pù náà bọ́ sínú odò. Ó di ẹnu ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi aṣọ nu ètè rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń tún un nù, ó ní kó tutọ́, kó tutọ́ dà nù.

Baálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

“Bùkọ́lá, kí ló wà nínú omi yẹn?”

Obìnrin náà di ọmọ rẹ̀ mú, kò gbé ojú sókè.

“Mo bi ọ́ ní nǹkan.”

“Oògùn kòkó ni,” ó ní. “Ọkọ mi máa ń dà á sínú àbàtà kí ẹja lè léfòó. Èmi ni mo ń yan ẹja náà. Èmi ni mo ń tà á ní Ìgèdè.”

Ó sọ ìyókù láìdúró, bí ẹni tó ń bì. Ọwọ́ lásán ni Ògúntúndé fi ń po oògùn náà. Nínú ẹja tó fi í pa ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Òun kò bá a jẹ torí ara òun kò yá. Kẹ́ẹ̀gì tó rà gbẹ̀yìn wà nínú ẹrọ̀fọ̀ lábẹ́ ọ̀gọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ń fi pamọ́ sí. Òun fẹ́ lọ yọ ọ́, ṣùgbọ́n opó kì í jáde. Nígbà tí òjò rọ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ ń kú, òun mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì náà ti là.

“O mọ̀ kí Success tó kú,” Baálé ní.

“Mo rò pé á ṣàn lọ.”

“O sì dúró níbí, tí obìnrin yìí mu ún lójú rẹ.”

Fúnkẹ́mi kò ké, kò bú u. Ó rìn wọ inú odò, ó jókòó sínú omi tòun taṣọ.

Modúpẹ́ ti ń bì. Ó di ikùn mú, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun jìnnà sí odò. Lẹ́yìn èyí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Akínbọ́lá gbé ọmọ fún ẹnì kan, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ó sáré gun òkè náà láìsinmi. Ọlọ́kadà tó ń ra omi fún Bùkọ́lá ló gbé wọn dé Adó. Lójú ọ̀nà, ara Modúpẹ́ ń gbọ̀n láàárín ọwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbọ̀n, Akínbọ́lá sì ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní torí pé ó tètè bì tí wọ́n sì tètè gbé e wá, orí ló yọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin abà wọ àbàtà lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀rá di ọwọ́. Wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì náà, ìdí rẹ̀ ti fọ́, ẹrọ̀fọ̀ tó yí i ká funfun bí wàrà. Wòlíì Bámgbóyè dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbé e jáde. Kò gbàdúrà. Ó lọ sílé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àgbà bíi tirẹ̀, ó ní òun rí omi lóòótọ́, òun kò bi omi léèrè. Modúpẹ́ ní kó dìde.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sí Òkè-Odò láti kó ẹrù rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń fa ọmọ wọn sá fún un jáde wá kí i, wọ́n ń pè é ní ọmọ rere. Wọ́n ń sọ pé Bùkọ́lá gan-an ni àjẹ́, pé àwọn ti ń fura sí i tipẹ́. Ilẹ̀kùn Bùkọ́lá wà ní títì. Ọlọ́pàá ti wá mú un, wọ́n tún ti dá a sílẹ̀ pé kó máa wá jẹ́jọ́. Òkúta wà káàkiri iwájú ilé rẹ̀, wọ́n ti fọ́ fèrèsé kan.

“Ẹ má pè é ní àjẹ́,” Modúpẹ́ ní.

Wọ́n bi í pé kí ni kí wọ́n wá pè é.

“Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣe, ènìyàn ló ṣe é. Ohun tí ẹ̀yin ṣe fún mi náà, ènìyàn ló ṣe é.”

Akínbọ́lá bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó ní àwọn á gbẹ́ kànga, òun á kọ́ ilé rẹ̀ sókè. Modúpẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó ní òun kò kọ̀ ọ́ ní ọkọ, ó mọ ibi tí òun yóò máa gbé ní Adó, kó máa wá wo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gba kọ́ọ̀pù, òun wo ojú rẹ̀, odò ló ń wò. Òun kò lè sùn nínú ilé náà mọ́.

Fúnkẹ́mi ti dúró lẹ́yìn ilé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Modúpẹ́ gbé àpò rẹ̀ sórí, ó jáde wá, ó na ọwọ́. Modúpẹ́ rò pé àpò ló fẹ́ gbà. Ọmọ ló fẹ́ gbà. Ó ní, “Jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n dé títì.”

Modúpẹ́ sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a gbé ọmọ sí ẹ̀yìn, ó bá a so ọ̀já. Wọ́n jọ gba inú oko kòkó lọ. Oore-ọ̀fẹ́ sùn lọ kí wọ́n tó dé ojú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan dúró, Modúpẹ́ di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Fúnkẹ́mi mú etí ọ̀já náà, kò tú u. Ó dúró síbẹ̀ lẹ́bàá títì, ó tẹrí ba, èémí ọmọ náà ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn.

Ọlọ́kadà fọn fèrè. Modúpẹ́ fọwọ́ kan ọkùnrin náà léjìká pé kó ní sùúrù.